Orúkọ tí ìyàwó ilé kì í pè

Ọjọ́ Àìkú, 9 oṣù Kọkànlá, 2025. Peckham.

Agogo mẹ́wàá kọjá díẹ̀ nígbà tí mo wọ bọ́ọ̀sì 37 lọ sí Brixton. Mo ti wọ léèsì ìkórè sábẹ́ kóòtù, mo sì ká gèlè sínú àpò, torí láti ibẹ̀ ni mo ti máa gba ṣọ́ọ̀ṣì lọ. Òtútù mú gan-an. Ewé tó wọ́ sílẹ̀ ti di ẹrẹ̀ ní ẹsẹ̀ títì, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ẹni tí mo rí lójú ọ̀nà ló fi òdòdó pọ́pì pupa sí àyà bíi tèmi.

Ọjọ́ Àìkú kejì nínú oṣù yìí ni wọ́n máa ń rántí àwọn tó kú sógun nílùú ọba, torí agogo mọ́kànlá ọjọ́ 11 oṣù Kọkànlá ọdún 1918 ni Ogun Àgbáyé Kìíní dáwọ́ dúró. Ní Nàìjíríà, ọjọ́ 15 oṣù Kìíní là ń ṣe tiwa, nítorí ọjọ́ náà ni ogun Biafra parí ní 1970. Ẹyẹlé funfun tí wọ́n máa ń tú sílẹ̀ nínú tẹlifíṣọ̀n ni mo fi mọ ọjọ́ náà nígbà tí mo wà ní kékeré. Níbí, fèrè ni wọ́n ń fọn, lẹ́yìn náà gbogbo èèyàn á dákẹ́ fún ìṣẹ́jú méjì.

Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń lọ sí Whitehall, níbi tí ọba ti ń gbé òdòdó sílẹ̀. Windrush Square ní Brixton lèmi máa ń lọ, torí òkúta méjì tí wọ́n gbé kalẹ̀ síbẹ̀ fún àwọn ọmọ Áfíríkà àti Kàríbíánì tó ja ogun méjèèjì. Ọjọ́ 22 oṣù Kẹfà ọdún 2017 ni wọ́n ṣí i. Ogun Hítílà sì ti parí láti 1945. Èyí máa ń dùn mí nígbàkigbà tí mo bá rántí. Mo gbọ́wọ́ lé òkúta náà kí èrò tó pọ̀: ó tutù, ó sì le koránkorán.

Nígbà tí gbogbo wa dákẹ́, Adúmáadán ni mo ń rò.

Àbúrò bàbá àgbà mi ni. Ìbàdàn ló ti wọ ṣọ́jà, ó lọ sógun Hítílà ní Bóòmà, ilẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Myanmar báyìí, kò padà. Ẹnu ìyá àgbà mi ni mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀, ìyàwó ilé sì ni màmá. Ẹ mọ̀ pé ìyàwó ilé kì í pe ọmọ ọkọ lórúkọ. Màmá ló fún un ní Adúmáadán, torí ó ní ara rẹ̀ ń dán bí ẹni fi epo pa á. Ó ní lọ́jọ́ tó máa lọ, ó bá òun gún iyán; òun ní kó fi ọmọ odó sílẹ̀, pé iṣẹ́ obìnrin ni; ó ní rárá, kí òun jẹ́ kí apá òun rántí ilé. Màmá kú láìpe orúkọ rẹ̀ rí. Àwọn tó lè pè é ti ṣáájú rẹ̀ lọ, nígbà tí mo sì gbọ́n tó láti béèrè, kò sẹ́ni tó kù.

Nítorí náà, kò síbi tí mo lè wá a. Ní itẹ́ òkú Taukkyan, nítòsí Yangon ní Bóòmà, wọ́n kọ orúkọ bí 27,000 ológun tí kò ní sàárè sára òpó òkúta, ọmọ Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà sì wà nínú wọn. Èwo ni tiwa níbẹ̀? Ọ̀pọ̀ nínú wọn, orúkọ ìlú wọn ni akọ̀wé ológun fi ṣe orúkọ bàbá fún wọn. Àwọn ọmọ Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà tó lọ sógun Bóòmà lé ní 90,000. Àwọn ti ẹgbẹ́ ọmọ ogun 81 lẹ àmì aláǹtakùn mọ́ apá; orí ni wọ́n fi ru ẹrù ogun gba inú igbó àti òkè àfonífojì Kaladan. Ti ogun àkọ́kọ́ tilẹ̀ burú jù bẹ́ẹ̀ lọ: ní 2021, àjọ tó ń tọ́jú sàárè ológun Kọmọ́nwẹ́ẹ̀tì fẹnu ara wọn jẹ́wọ́ pé, ó kéré tán, 116,000 òkú ni wọn kò fi orúkọ rántí, tí ọ̀pọ̀ wọn jẹ́ ará Íjíbítì àti Ìlà Oòrùn Áfíríkà.

Ẹnìkan wà tí mo máa ń fi ìtàn rẹ̀ tu ara mi nínú. Isaac Fadoyebo, ọmọ Emùré-Ilé lẹ́bàá Ọ̀wọ̀, ọmọ ọdún 16 ló wọ ṣọ́jà. Ní 1944, àwọn ará Japan ká wọn mọ́ etí odò Kaladan, ìbọn fọ́ egungun itan rẹ̀. Mùsùlùmí kan ní abúlé kan níbẹ̀, Shuyiman, ló fi òun àti David Kargbo ọmọ Sierra Leone pa mọ́, tó ń bọ́ wọn fún oṣù mẹ́sàn-án. Bí wọ́n bá mọ̀, orí rẹ̀ ni ì bá fi dí i. Ní 2011, Fadoyebo kọ lẹ́tà ìdúpẹ́, oníròyìn kan sì gbé e dé Bóòmà. Shuyiman ti kú, àwọn ọmọ rẹ̀ ló gbà á. Ọdún kejì ni bàbá náà fúnra rẹ̀ kú. Ó ti di 67 ọdún kí ọpẹ́ yẹn tó dé ilé tó ń lọ, ó sì dé.

Ṣọ́ọ̀ṣì ti kún nígbà tí mo dé. Wọ́n so ìrèké àti àgbàdo mọ́ òpó, ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti isu kún iwájú pẹpẹ. Ẹ wo bí a ṣe ń ṣe ìkórè: wọn á pe ìdílé kọ̀ọ̀kan lórúkọ, ìlù á sọ, ẹ ó jó jáde pẹ̀lú àpò ìwé yín. Kò sí ìdílé tí wọ́n máa ń fò. Mo gba àpò ìwé kejì lọ́wọ́ arákùnrin tó ń pín in, mo fi ogún pọ́n-ùn sí i, mo kọ "Ìdílé Adúmáadán" sí ẹ̀yìn rẹ̀.

Nígbà tó kàn án, bàbá tó ń pè é wo ìwé náà lẹ́ẹ̀mejì.

"Ìdílé Adúmáadán!"

Kò sẹ́ni tó dìde. Ẹsẹ̀ mi wúwo. Ó tún pè é, onígángan sì gbà á lẹ́nu rẹ̀, ó fi ìlù pè é. Mo bá dìde. Mi ò tíì jó dé àárín ìjókòó tí ìyá kan tí mi ò mọ̀ rí fi bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó ní, "Ìwọ nìkan kọ́ lo máa jáde, ọmọ mi." Àwọn méjì mìíràn tẹ̀ lé e. Bí a ṣe dé iwájú, ó bi mí létí pé ta ni Adúmáadán.

Mo ní, "Ọkọ ìyá àgbà mi ni, mà. Ó wọ ṣọ́jà, kò padà."

Ó wo pọ́pì àyà mi. Ó yọ ogún pọ́n-ùn láti etí ìró rẹ̀, ó sọ ọ́ sínú agbọ̀n. Ó ní, "Adúmáadán, a dúpẹ́ o."

Mo ra isu méjì níbi gbàǹjo. Wọ́n wúwo lọ́wọ́ mi bọ̀ nínú bọ́ọ̀sì. Iyán la máa jẹ lálẹ́ ọ̀la.