Èènì Ta Ni? Ẹ̀kọ́ Tí Mo Kọ́ Nípa Ẹ̀dínwó Ọjà

Ọdún 2004 ni ọ̀gá mi ní Múṣin ṣe fúrídọ̀ọ̀mù fún mi, láti ìgbà náà ni mo sì ti ń ṣe iṣẹ́ wáyà iná káàkiri Èkó. Nínú gbogbo ohun tí ó lè dá ìjà sílẹ̀ láàárín oníṣẹ́ ọwọ́ àti ẹni tí ó gbé iṣẹ́ fún un, n kò rí èyí tí ó jinlẹ̀ tó ọ̀rọ̀ ẹ̀dínwó. Bí mo bá lọ ra ọjà ní Alábà, tí ọlọ́jà sì yọ 10 nínú 100 kúrò nínú iye tí ó ń tà á fún àwọn ẹlòmíràn, nítorí pé ó ti mọ̀ mí, tí ó sì mọ̀ pé n óò tún padà wá, ta ni ó ni owó tí ó yọ náà? Ṣé èmi tí ó yọ ọ́ fún ni, àbí onílé tí ó kó owó ọjà lé mi lọ́wọ́?

Nígbà tí mo wà lẹ́nu iṣẹ́ kíkọ́, ẹnikẹ́ni nínú wa kò bèèrè irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Ọ̀gá mi a kọ iye ọjà sínú ìwé, a gba owó lọ́wọ́ onílé, a sì kó wa lọ sí ọjà. Bí wọ́n bá ti dúnàádúrà tán, ọlọ́jà a bi í pé, “Èló ni kí n kọ?” Iye tí kò sí ẹ̀dínwó nínú rẹ̀ ni wọn yóò kọ sórí rìsíìtì. Nínú owó tí ó bá ṣẹ́kù ni a ti ń wọkọ̀ padà, nínú rẹ̀ ni a ti ń jẹun ọ̀sán, ìyókù sì jẹ́ ti ọ̀gá. Owó ẹsẹ̀ ni a ń pè é, kò sì sí ẹni tí ó rò pé olè ni a ń jà. Mo sọ èyí kí ẹ lè mọ̀ pé bí wọ́n ṣe kọ́ mi ni mo ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é nígbà tí èmi náà di ọ̀gá ara mi, mo sì ṣe é fún ọdún méjìlá.

Ní ọdún 2016, màmá kan tí ó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́ pè mí sí ilé rẹ̀ ní Ẹ̀bútè Mẹ́tà. Ilé àtijọ́ ni, wáyà inú rẹ̀ ti gbó débi pé rọ́bà ara rẹ̀ ń já sọ́wọ́ ẹni. Mo kọ ₦180,000 fún ọjà, mo sì kọ ₦45,000 fún owó iṣẹ́. Màmá kò wo owó ọjà lẹ́ẹ̀mejì, ṣùgbọ́n ó ní owó iṣẹ́ ti pọ̀ jù, ó sì ń bẹ̀ mí títí tí ó fi já a sí ₦30,000. Mo gbà láìjanpata, nítorí pé mo ti mọ ibi tí n óò ti rí èyí tí ó gé kúrò. Ní Alábà, ọlọ́jà yọ ₦18,000 fún mi. Mo fi í sápò, mo sì mú rìsíìtì ₦180,000 fún màmá.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kan ń kọ́lé lọ́wọ́ ní Ìkòròdú ní àkókò náà. Ó mú ìwé ọjà tí mo kọ, ó sì gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀bù kan náà, níbi tí wọ́n ti ta ọjà kan náà fún un ní iye tí ó dín sí ti inú rìsíìtì mi. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Sátidé kan, màmá ránṣẹ́ pè mí. Ó fún mi ní omi tútù, ó tẹ́ rìsíìtì méjèèjì sórí tábìlì. Ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní, “Alágbàtà tí ń sọ ọjà di ọ̀wọ́n ni ẹ̀yin oníṣẹ́ ọwọ́ yìí.” Màmá ní kí ó dákẹ́. Ó wá bi mí pé, “Ọmọ mi, nígbà tí o wà ní kékeré, bí ìyá rẹ bá rán ọ lọ ra gàrí, tí onígàrí sì bu èènì lé e, ta ni ó ni èènì yẹn?”

N kò rí èsì fún un. Gbogbo wa ni a mọ̀ pé inú abọ́ ni èènì ń wọ̀, àti pé ọmọ tí ó bá bù ú jẹ lójú ọ̀nà yóò nu ẹnu rẹ̀ kí ó tó wọlé. Ní ọjọ́ Ajé, mo mú ₦18,000 náà padà lọ fún màmá. Ó gbà á, ó dúpẹ́, ó ṣàdúrà fún mi, kò sì pè mí ṣiṣẹ́ mọ́. Nígbà tí mo gba àdúgbò náà kọjá ní ọdún kejì, oníṣẹ́ mìíràn ni mo rí lórí àkàbà níwájú ilé rẹ̀.

Ojú tì mí débi pé mo pinnu pé n kò ní í fọwọ́ kan ẹ̀dínwó ẹnikẹ́ni mọ́. Ìpinnu yẹn náà ní àléébù tirẹ̀, ó sì tó ọdún méjì kí n tó rí i. Ní Yábàá, onílé kan gbé iṣẹ́ ilé alájà mẹ́ta fún mi. Ó ní òun kò ní owó lọ́wọ́ títí di ìparí oṣù, nítorí náà èmi ni mo fi owó ara mi ra lára ọjà náà, tí mo sì gba ìyókù ní àwìn ní orúkọ ara mi. Nígbà tí mo fẹ́ gba owó mi, gbogbo ẹ̀dínwó pátá ni mo yọ fún onílé, mo sì fi rìsíìtì tòótọ́ hàn án. Kò pé oṣù méjì tí bírékà mẹ́ta fi bàjẹ́. Ọlọ́jà ní wọ́n ti jóná, òun kò lè gbà wọ́n padà. Onílé ní òun kò mọ ọlọ́jà, èmi ni òun mọ̀. Owó mi ni mo fi ra mẹ́ta mìíràn, owó mi ni mo fi wọkọ̀, ọjọ́ kan gbáko ni mo sì fi pààrọ̀ wọn lọ́fẹ̀ẹ́.

Ibẹ̀ ni mo ti rí i pé àkàwé èènì màmá, bí ó tilẹ̀ jẹ́ òtítọ́ pọ́nbélé fún ọ̀ràn tirẹ̀, kò bo gbogbo ọ̀nà tí a ń gbà ṣiṣẹ́. Ọmọ tí wọ́n rán lọ ra gàrí kò fi owó ara rẹ̀ rà á, kò jẹ gbèsè nítorí rẹ̀, bí gàrí náà bá sì ní òkúta nínú, ẹnikẹ́ni kò ní í sọ pé kí ó lọ ra òmíràn. Ẹni tí ó fi owó rẹ̀ ra ọjà, tí ó gbà pé bí ọjà bá bàjẹ́ òun ni yóò pààrọ̀ rẹ̀, ti kúrò ní ipò ìránṣẹ́. Oníṣòwò ni, ẹ̀dínwó tí ó rí gbà sì jẹ́ èrè òwò rẹ̀. Ohun tí mo dì mú láti ìgbà náà ni pé ẹ̀dínwó jẹ́ ti ẹni tí owó rẹ̀ jáde, tí àdánù yóò sì bá bí nǹkan bá wọ́.

Lọ́yà kan tí mo ṣe iṣẹ́ fún ní Sùúrùlérè ni ó jẹ́ kí n mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí ti dé ilé ẹjọ́ tipẹ́. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, nínú ẹjọ́ kan tí ó wà nínú ìwé àkójọ ẹjọ́ ọdún 1905, ẹnì kan ní kí àwọn kan bá òun ta ẹrù ní gbàǹjo. Àdéhùn wọn ni pé yóò san owó iṣẹ́ fún wọn, yóò sì dá owó tí wọ́n bá ná padà. Àwọn tí ó tẹ ìwé àti àwọn tí ó gbé ìpolówó jáde yọ ẹ̀dínwó fún wọn, ṣùgbọ́n iye tí kò sí ẹ̀dínwó nínú rẹ̀ ni wọ́n kọ fún ẹlẹ́rù. Ilé ẹjọ́ ní kí wọ́n dá ẹ̀dínwó náà padà, ṣùgbọ́n kò gba owó iṣẹ́ wọn kúrò lọ́wọ́ wọn, nítorí pé wọn kò ní èrò ibi. Àwọn tí ó bá a ta ẹrù náà gbà pé bí wọ́n ṣe ń ṣe é nínú iṣẹ́ náà nìyẹn. Lọ́yà náà ní ìlànà tí àwọn ilé ẹjọ́ wa ní Nàìjíríà ń tẹ̀lé nìyí: ẹni tí a rán níṣẹ́ kò gbọdọ̀ jẹ èrè ìkọ̀kọ̀ lórí iṣẹ́ tí a rán an. Bí ó ṣe ń sọ ọ́, owó ẹsẹ̀ ọ̀gá mi ni mo ń rántí.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ ohun tí ó wà nídìí gbogbo rẹ̀, nítorí pé òun ni ó ṣe pàtàkì jù lójú mi. Ìdí tí ọ̀pọ̀ wa fi ń fi ẹ̀dínwó pa mọ́ ni pé ojú ń tì wá láti bèèrè iye tí iṣẹ́ wa tó. Onílé yóò san owó wáyà láìsọ̀rọ̀ nítorí pé ó rí wáyà, ṣùgbọ́n ọdún tí a fi kọ́ṣẹ́ kò ṣeé fi ojú rí, nítorí náà owó iṣẹ́ ni yóò máa gé. Àwa náà yóò gbà, a ó sì wá a padà lẹ́yìn rẹ̀ nínú owó ọjà. Bí mo bá ti dúró lórí ₦45,000 níwájú màmá, tí mo sì ṣàlàyé pé ilé àtijọ́ gba ọjọ́ púpọ̀, bóyá ì bá gbà, bóyá ì bá sì pe ẹlòmíràn. Èyí tí ó wù kí ó jẹ́, n kò ní í ní ìdí láti kọ irọ́ sórí rìsíìtì. Ẹni tí ó bá fẹ́ máa dá ẹ̀dínwó padà, àfi kí ó kọ́kọ́ gbé owó iṣẹ́ rẹ̀ sí ibi tí ó yẹ, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ebi ni yóò dá a padà sí ìwà àtijọ́.

Ewu kan tún wà tí ó ju ti owó lọ. Ọjà tí bàbà inú rẹ̀ kò pé ni wọ́n sábà máa ń yọ ẹ̀dínwó ńlá lé lórí. Wáyà tí wọ́n kọ 2.5 mm sára rẹ̀, tí bàbà rẹ̀ kò sì tó bẹ́ẹ̀, yóò gbóná bí wọ́n bá fi gbé ẹ̀rọ amúlétutù, ibẹ̀ ni iná ti ń ràn mọ́ àjà ilé. Oníṣẹ́ tí ó ń jẹ ẹ̀dínwó ní ìkọ̀kọ̀ yóò máa yan ọjà tí ó sanwó fún un jù, kò sì ní í pẹ́ tí ojú rẹ̀ kò fi ní í rí ìyàtọ̀ mọ́. Mo ti fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣe bẹ́ẹ̀ rí, mo sì dúpẹ́ pé mo gé orí wáyà náà wò kí n tó fà á.

Bákan náà ni ti ọjà tí owó rẹ̀ ń gòkè. Ní oṣù kẹfà ọdún 2023, nígbà tí báńkì àgbà jẹ́ kí náírà wá ipò ara rẹ̀ sí dọ́là, iye tí mo kọ fún onílé ní àárọ̀ lè má ra ọjà náà ní ọjọ́ kejì. Gbogbo wa ni a sáré padà lọ bá onílé pé kí ó fi owó kún un. Bí a bá ń gbé ọ̀wọ́n ọjà lé onílé lórí, ẹ̀tọ́ wo ni a ní láti fi ẹ̀dínwó rẹ̀ sápò ara wa?

Ní báyìí, kí n tó gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, mo máa ń la ọ̀nà méjì sílẹ̀ fún un. Èkíní ni pé kí ó fún mi ní owó ọjà, n óò mú rìsíìtì tòótọ́ wá, gbogbo ẹ̀dínwó jẹ́ tirẹ̀, ṣùgbọ́n bí ọjà bá bàjẹ́ lẹ́yìn tí mo ti so ó dáadáa, òun ni yóò ra òmíràn, owó iṣẹ́ mi kò sì ní í dín. Èkejì ni pé kí a fẹnu kò sí iye kan ṣoṣo fún ọjà àti iṣẹ́. N óò fi owó ara mi rà á, n óò fọwọ́ sọ̀yà fún un fún ọdún kan, kò sì ní í bèèrè iye tí mo rà á. A ó kọ èyí tí ó bá yàn sílẹ̀, a ó sì fọwọ́ sí i.

Ọ̀nà kìíní ni ẹni tí mo ń ṣiṣẹ́ fún ní Ìsàlẹ̀ Èkó báyìí yàn. Lálẹ́ àná, mo fi àwòrán rìsíìtì ránṣẹ́ sí i lórí WhatsApp, pẹ̀lú iye tí ọlọ́jà yọ. Ó pè mí padà, ó ní kí n mú ₦5,000 nínú rẹ̀ fún oúnjẹ àwọn ọmọ iṣẹ́ mi. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo sì kọ ọ́ sínú ìwé ìṣirò tí èmi àti òun jọ ń wò.