Èmi àti gọ́ọ̀mù pálọ̀ òkè

Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó bá mọ ẹni tó kọ́kọ́ dá a lábàá pé kí wọ́n máa fi gọ́ọ̀mù lẹ kápẹ́ẹ̀tì onírọ́bà mọ́ orí pákó ìrókò, kó bá mi bi í pé kí ni ìrókò fi ṣe é. Ọjọ́ mẹ́rin gbáko ni mo fi wà lórí ìkúnlẹ̀ bí ẹni tó ń bẹ ìyá ọkọ, orúnkún mi ò tíì dárí jì mí títí di bí mo ṣe ń tẹ èyí.

Ilé ìyá ìyá mi ní Campos, ní Èkó, lọ̀rọ̀ ti ṣẹlẹ̀. Pẹ́tẹ́ẹ̀sì àwọn ọmọ Àgùdà ni, ìsàlẹ̀ sìmẹ́ńtì, òkè pákó, tó bá jẹ́ pé ìsàlẹ̀ lẹ jókòó sí ẹ ó ti mọ ẹni tó ń rìn lókè láti ara bí pákó ṣe ń dún. Àwọn tó darí dé láti Brazil àti Cuba ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún kan ààbọ̀ sẹ́yìn ló kó irú ilé kíkọ́ yìí wọ Èkó, ilé ọ̀hún ò sì fi bẹ́ẹ̀ ṣẹ́kù mọ́. Ṣé ẹ rántí Ilójó Bar, ọ̀kan nínú wọn, ní Ìta Tinúbú? Láti 1956 ni ìjọba ti kà á mọ́ ohun ìrántí orílẹ̀-èdè, síbẹ̀ wọ́n wó o ní 2016. Torí ẹ̀ ni mi ò ṣe lè gbọ́ kí ẹnì kan sọ fún mi pé “kí lo ń da ara ẹ láàmú sí, ṣáà tẹ́ táìsì lé e lórí”. Mi ò tẹ́ táìsì kankan jàre.

Màmá àgbà fẹ́ pé ẹni 80 ọdún, wọ́n wá ní pálọ̀ òkè làwọn máa jókòó sí láti gba àlejò, pé kápẹ́ẹ̀tì tó ti ya yẹn ò gbọdọ̀ wà níbẹ̀, pé àwọn fẹ́ rí pákó bàbá àwọn. Ó dáa mà. Èmi tí mo ń gbé Súrùlérè tí mo ní ọjọ́ ìsinmi ni wọ́n rán, mo sì dé ibẹ̀ pẹ̀lú ìgbéraga, mo ní tó bá fi máa di ìrọ̀lẹ́ mo ti parí.

Kápẹ́ẹ̀tì fúnra ẹ̀ ò fún mi ní wàhálà, ó ti gbó débi pé ó ń ṣẹ́ bí kókóró. Abẹ́ ẹ̀ ni ìjọ̀ngbọ̀n wà. Ẹ mọ̀ bí àwọn òbí wa ṣe máa ń tẹ́ ìwé ìròyìn sílẹ̀ kí wọ́n tó tẹ́ kápẹ́ẹ̀tì, ibi tí gọ́ọ̀mù ti kan ìwé ìròyìn, àwọn méjèèjì ti di tọkọtaya. Mo ń ka ìpolówó fíríìjì kan lórí ìkúnlẹ̀, iye tí wọ́n kọ síbẹ̀ ò tó owó búrẹ́dì àti ẹ̀wà lónìí, mo rẹ́rìn-ín títí tí Màmá fi bi mí láti yàrá pé ṣé kò sí o. Etí ògiri ńkọ́, téèpù olójú méjì ló wà níbẹ̀, ó lọ gbọọrọ láti ẹnu ọ̀nà dé fèrèsé, ó ń fa ìbọ̀sẹ̀ mi bọ́. Àárín pálọ̀ wá ni gọ́ọ̀mù yẹ́lò, èyí tí àwọn ṣúméékà fi ń lẹ bàtà, ẹni tó fi í síbẹ̀ ò fi ṣahun rárá.

Ọmọkùnrin kan tó ń kun ilé ládùúgbò ló ní kí n ra tínà. Mo rà á, mo dà á sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, mo ti aṣọ bọ̀ ọ́. Áà, gọ́ọ̀mù yẹn yọ́ bí bọ́tà! Mo ti ń kọrin. Ìṣẹ́jú díẹ̀ lẹ́yìn náà mo rí i pé fáníìṣì pákó náà ti ń tẹ̀lé e lọ, ó hunjọ bí awọ ojú ògì tó tutù, mo fọwọ́ kàn án ó bá mi lọ́wọ́ lọ. Kí n tó gbá gbogbo ẹ̀ kúrò, ojú kan tó fẹ̀ tó tíréè tí wọ́n fi ń gbé oúnjẹ fún àlejò ti di funfun ráúráú láàárín pálọ̀. Orí sì ń fọ́ mi torí mi ò ṣí fèrèsé.

Màmá wò ó, wọn ò sọ nǹkan kan, èyí gan-an ló dùn mí jù. Wọ́n kàn ní kí n lọ pe Bàbá Káfíńtà.

Bàbá yìí ti gé pákó ní Òkò Bàbá, Ẹ̀bútẹ́ Mẹ́tta, kí wọ́n tó bí mi. Wọ́n dé, wọ́n bẹ̀rẹ̀, wọ́n gbọ́ òórùn, wọ́n ní “Ìwọ ọmọ yìí, kí o tó da tínà, ṣé o bi pákó léèrè ohun tó wà lójú ẹ̀?” Mo ní ẹ má bínú bàbá. Wọ́n ní kí n bu omi wá, wọ́n kán an sí igun ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. Omi dúró róbótó. Wọ́n ní fáníìṣì ṣì wà níbẹ̀ nìyẹn, ká ní pákó mu ún ni, ìhòòhò ni ì bá wà, òróró àti kẹrosíìnì ò sì gbọdọ̀ dé orí irú pákó ìhòòhò bẹ́ẹ̀ torí á wọnú ẹ̀ á sì dọ̀dọ̀tí. Tínà àti asitóònù tí àwọn tó ń gé èékánná ń gbé kiri, wọn ò mọ ìyàtọ̀ láàárín gọ́ọ̀mù àti fáníìṣì, ohun tí wọ́n bá bá ni wọ́n ń jẹ.

Bàbá ní ooru ni kí n kọ́kọ́ lò. Mo yá dráyà lọ́wọ́ onídìrí ìsàlẹ̀ ilé, iná sì wà lọ́jọ́ yẹn, ẹ bá mi dúpẹ́. Ẹ gbé e jìnnà díẹ̀, ẹ máa mì í lọ mì í bọ̀, ẹ má dúró sójú kan torí ooru náà lè ba fáníìṣì jẹ́. Tí gọ́ọ̀mù bá ti rọ̀, ẹ fi káàdì ATM tó ti kú tì í, kí káàdì dùbúlẹ̀ díẹ̀, kó sì tẹ̀lé ìlà ara pákó, ẹ má gbà á ní ìdábùú. Mo ti fẹ́ lo bíléèdì tẹ́lẹ̀, bàbá gbà á lọ́wọ́ mi. Gọ́ọ̀mù téèpù yẹn kó ara ẹ̀ jọ ní iwájú káàdì bí ìdọ̀tí ara lábẹ́ kànìnkànìn, ẹ̀rọ̀ pọ̀ níbẹ̀, mi ò fẹ́ parọ́, ó dùn mọ́ mi. Èyí tó kù tó ń lẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ẹ mú téèpù tuntun, ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn, ẹ fà á tu lójijì, gọ́ọ̀mù fẹ́ràn gọ́ọ̀mù ẹgbẹ́ ẹ̀ ju pákó lọ.

Ìwé ìròyìn ní tiẹ̀, aṣọ tí mo fi omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ fún dáadáa ni mo tẹ́ lé e, ìwé náà rọ̀, mo fi ìka yí i kúrò, mo sì nù ún gbẹ lójú ẹsẹ̀. Omi tó bá dúró lórí pákó, á wú u.

Ti ṣúméékà ló le jù. Dráyà, káàdì, dráyà, káàdì, ó ṣì ku bí ẹ̀rún ẹ̀bà tó gbẹ sídìí abọ́. Òróró díẹ̀ ni bàbá ní kí n fi ra á lójú, kí n fi í sílẹ̀ bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ó sì rọ̀ lóòótọ́. Ibi tó bá ṣì lágídí, kẹrosíìnì, lára aṣọ o, ẹ má dà á sílẹ̀, kí fèrèsé ṣí, kí sítóòfù wà ní pípa. Ẹnì kan ti ń sọ bẹntiróòlù létí mi, bàbá fẹ́rẹ̀ẹ́ lé e jáde. Èéfín bẹntiróòlù wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, ilẹ̀ ló ń gbà, á rìn gba abẹ́ ilẹ̀kùn títí á fi bá ẹni tó ń dáná ní yàrá kejì, ẹ rò ó wò, nínú ilé pákó. Lẹ́yìn gbogbo ẹ̀ ẹ fi omi ọṣẹ díẹ̀ nu òróró yẹn kúrò, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ àlejò á yọ̀ ṣubú, ṣùgbọ́n ẹ fún aṣọ náà dáadáa kó má kán omi sílẹ̀.

Àbúrò mi kan ní Súrùlérè rí tiẹ̀ lábẹ́ táìsì rọ́bà àtijọ́, gọ́ọ̀mù dúdú bí ọ̀dà, ó ń wá sánpépà. Mo ní dúró ńbẹ̀! Irú gọ́ọ̀mù dúdú àtijọ́ yẹn àti táìsì orí ẹ̀ lè ní asbestos nínú, ìyẹn okùn òkúta wínníwínní tó ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́, eruku ẹ̀ ni kò ṣeé fà símú. Kó fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ kó bo nǹkan lé e, tàbí kó wá ẹni tó mọ̀ ọ́n.

Ẹ ẹ̀ ní gbàgbé ojú funfun tí mo dá sílẹ̀. Bàbá fi sánpépà fífẹ́lẹ́ họ ọ́ lọ́wọ́, wọ́n kun fáníìṣì síbẹ̀, ó wá yọ yẹ́lò láàárín gbogbo pákó tó ti pọ́n dúdú. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ráhùn. Wọ́n ní ìrókò tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ họ máa ń yẹ́lò bẹ́ẹ̀, ìmọ́lẹ̀ ló ń pọ́n ọn, kí n fún un láyè. Lọ́jọ́ àríyá mo yáa gbé àga Màmá lé ibẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má baà rí i, wọ́n jókòó títí àlejò fi lọ. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì wọ́n pè mí, wọ́n ní kí n wá gbé àga àwọn kúrò, kí n sì ṣí fèrèsé apá ibẹ̀, kí oòrùn lè rí pákó náà.