Kí ẹ tó lọ wo Àkàbà Ìdẹ́nà ní Kétu

Ẹni tó bá ti Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) lọ sí Kétu ní Benin, ẹnu ibodè ló sábà máa ń dúró sí. Á ya fọ́tò Àkàbà Ìdẹ́nà, ibodè àtijọ́ ìlú náà, á yí padà, ó tán. Ilẹ̀kùn ló rí, kò tíì rí ìlú. Ẹ wá ibi tí yàrà àtijọ́ tí wọ́n gbẹ́ yí ìlú ká kù sí, kí ẹ rìn létí rẹ̀. Òun ló jẹ́ kí ibodè wúlò.

Mọ́tò Kétu máa ń gba Ìtakété àti Pọ́bẹ̀. Takisí kì í gbéra àfi tó bá kún, nítorí náà ẹ tètè jáde láàárọ̀. Oṣù Kejìlá sí oṣù Kejì ló dára jù: ọyẹ́ ń fẹ́, ilẹ̀ gbẹ, koríko ti rọ. Láti oṣù Kẹrin dé oṣù Keje, ilẹ̀ pupa yẹn á di ẹrẹ̀ tó ń yọ̀, igbó á sì bo yàrà débi pé èèyàn lè dúró létí rẹ̀ láì mọ̀. Ẹ wọ bàtà tó bo ọmọ ẹsẹ̀.

Ilẹ̀ tí wọ́n gbẹ́ jáde nínú yàrà ni wọ́n fi ń mọ odi. Bí yàrà ṣe ń jìn ni odi ń ga. Iṣẹ́ kan náà ni. Ọ̀tá tó bá sọ̀kalẹ̀ á ní láti gun méjèèjì pọ̀ lábẹ́ ọfà. Ẹnu ibodè nìkan ni èèyàn lè gbà láìgun nǹkan kan, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń ṣọ́ ọ, tí wọ́n sì fi oògùn tì í lẹ́yìn. Síbẹ̀, ogun Dàhòmì dó ti ìlú náà títí ebi fi mú àwọn ará ìlú, wọ́n sì fọ́ ọ ní 1886. Ìgbà tí Faransé ṣẹ́gun Dàhòmì ni àwọn ọmọ Kétu tó padà wá tún un tẹ̀ dó. Odi kì í dènà ebi.

Amọ̀ ni wọ́n fi kọ́ ibodè náà, nítorí náà ẹsẹ̀ ògiri ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Omi òjò tó ń ta láti ilẹ̀ ló ń jẹ ẹ́ nísàlẹ̀, bí eyín tó ń kẹ̀. Lára ògiri amọ̀ àtijọ́, ẹ ó rí ìlà ní ìbú: ìpele kan kì í ju bí ìgbọ̀nwọ́ kan lọ, ó sì gbọ́dọ̀ gbẹ kí wọ́n tó gbé òmíràn lé e. Ẹni tó bá kánjú, ògiri rẹ̀ á tẹ̀. Ṣùgbọ́n sìmẹ́ńtì burú ju òjò lọ. Bí wọ́n bá fi rẹ́ ògiri amọ̀, omi tó gùn wá láti ìsàlẹ̀ kò ní ríbi jáde. Amọ̀ á rọ̀ nínú, sìmẹ́ńtì á sì máa ṣí kúrò lára rẹ̀. Ohun kan náà ló ń ba ọ̀pọ̀ ilé Àgùdà (àwọn tó ti Brazil padà dé) jẹ́ ní Àjàṣẹ́ níbí, tí a ń pè é ní àtúnṣe.

Ẹni tó ń wá ìwé ńkọ́? Samuel Ajayi Crowther dé Kétu ní 1853, òyìnbó onímọ̀ ẹ̀sìn E. G. Parrinder tẹ ìtàn ìlú náà jáde ní 1956. Ṣùgbọ́n ẹnu ni Kétu kó ìtàn rẹ̀ sí. Bàbá Ẹlẹ́gùn ni olóyè tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti mọ ìtàn àwọn ọba, kí ó sì kà á nígbà tí wọ́n bá ń fi Aláketu (ọba Kétu) tuntun jẹ. Ìdílé márùn-ún ló ń jẹ oyè Aláketu, nítorí náà bí ẹnìkan bá pìtàn fún yín, ẹ béèrè ilé tó ti wá kí ẹ tó kọ ọ́ sílẹ̀.

Gẹ̀lẹ̀dẹ́, ijó ìbòjú tí UNESCO kéde ní 2001 gẹ́gẹ́ bí àjogúnbá aráyé, náà wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n kò ní ọjọ́ tí èèyàn lè fọwọ́ sọ̀yà. Ẹ bi àwọn ará ìlú kí ẹ tó gbéra. Ijó ni wọ́n ń jó lọ́sàn-án. Bó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ lẹ fẹ́ gbọ́, orin àti èébú aládùn, òru Ẹ̀fẹ̀ ni, ẹ ó sì ní láti sùn sí Kétu.

Ní ti ààfin, ẹ má ṣàdédé wọlé. Ẹ kọ́kọ́ rí ìránṣẹ́ ààfin, ẹ ṣí fìlà, ẹ bọ́ bàtà, kí ọkùnrin dọ̀bálẹ̀, kí obìnrin kúnlẹ̀. Ẹ tọrọ àyè fọ́tò lọ́tọ̀. Owó amọ̀nà, ẹ sọ ọ́ yanjú kí ìrìn tó bẹ̀rẹ̀, kí ẹ sì mú sẹ́fà wẹ́wẹ́ dání, torí ṣéńjì ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá kì í yá láti rí.