Paramọ́lẹ̀ ní Dunwich

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ bàtà ni o. Dunwich Heath, létí òkun Suffolk, ni èmi àti Màámi lọ lónìí. Òdòdó heather ti tan, gbogbo pápá pọ́n bí àlùkò títí dé etí òkè.

Ibi tí a ti ń rìn, Màámi kàn pariwo: "Dúró! Má gbẹ́sẹ̀!" Paramọ́lẹ̀! Ó ká jọ sójú ọ̀nà, ó ń yá oòrùn. Ilà kọ́lọkọ̀lọ ẹ̀yìn rẹ̀ dúdú bí ẹni fi tìróò fà á. Màámi ti ń wá igi. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, òfin ò gbà ká pa á níbí." Wọ́n wò mí: "Òfin ejò?" Kí n tó dáhùn, ejò ti wọ́ wọ abẹ́ òdòdó.

Nígbà tí a dé abúlé Dunwich, mo sọ fún wọn pé ìlú ńlá ni kí ìjì 1286 tó dé, pé láàrin 1904 sí 1919 ni òkun gbé ṣọ́ọ̀ṣì All Saints lọ díẹ̀díẹ̀. Wọ́n dákẹ́, wọ́n di gèlè mú nínú afẹ́fẹ́, wọ́n ní: "Bíi Ayétòrò," ìlú etí òkun Ìlàjẹ tí omi ń gbé lọ.

Ta ló ti rí paramọ́lẹ̀ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì rí? Kí lẹ ṣe?