Àyẹ̀wò ọdún mi: nínú tréélà, pẹ̀lú ìwé àwọn tó rógun

Ẹ kú òpin ọdún o, ẹ̀yin èèyàn mi. Mo ń rí báwọn èèyàn ṣe ń to ohun tí wọ́n ṣe lọ́dún yìí sílẹ̀, ilé, mọ́tò, ìgbéyàwó, Ọlọ́run á jẹ́ ká máa bára wa yọ̀. Tèmi, ìwé ni mo fẹ́ sọ, ìwé táwọn tó fojú ara wọn rógun jókòó kọ, torí àwọn gan-an ni mo bá gbé lọ́dún yìí.

Ẹni tó ti ń ka ọ̀rọ̀ mi tipẹ́ mọ̀ pé nọ́ọ̀sì kọntíráàtì ni mí ní Amẹ́ríkà níbí, ọ̀sẹ̀ 13 ni wọ́n sábà máa ń fún wa, tó bá parí o kó ẹrù ẹ o gba ìlú mìíràn lọ. Owó ilé tí wọ́n ń bu fún àwa tí ò ní pẹ́ ti pọ̀ jù, ni mo bá ra tréélà àlòkù, ilé kékeré tó ní táyà, bẹ́ẹ̀dì, sítóòfù, balùwẹ̀, gbogbo ẹ̀ ló wà níbẹ̀, mo so ó mọ́ píkọ̀ọ̀pù mi ó di Amarillo ní Texas. Alẹ́ mẹ́ta ni mo ń ṣiṣẹ́ lọ́sẹ̀, wákàtí 12 lálẹ́ kan, ọjọ́ tó kù tèmi ni. Nígbà òtútù ọgbà tréélà máa ń dá páropáro, àwọn arìnrìn-àjò ti sá lọ síbi tó móoru, ilẹ̀ Amarillo sì tẹ́ pẹrẹsẹ débi pé kò sóhun tó ń dá afẹ́fẹ́ dúró, tó bá ti bẹ̀rẹ̀ sí fẹ́ tréélà á máa mì. Kò sẹ́ni tó ń kanlẹ̀kùn. Mo tan gáàsì, mo gbé tíì kalẹ̀, mo ń kàwé.

Ibi tá a ti ń fọṣọ ní ọgbà yẹn ní selífù ìwé kan, ẹni tó bá ka tiẹ̀ tán á fi síbẹ̀ á mú òmíràn. Sójà tó ti fẹ̀yìn tì pọ̀ nínú àwọn tó ń gbé tréélà káàkiri, nítorí náà ìwé ogun ló kún ibẹ̀. Níbẹ̀ ni mo ti rí ti Eugene Sledge, ọmọ Alabama tó bá sójà Japan jà nínú Ogun Àgbáyé Kejì, ní erékùṣù Peleliu lọ́dún 1944 àti ní erékùṣù Okinawa lọ́dún 1945. Inú Májẹ̀mú Tuntun kékeré tó wà lápò ẹ̀ ló ń kọ ohun tó ń rí sí, ọdún 1981 ni ìwé náà tó jáde, nígbà yẹn ó ti di ọ̀jọ̀gbọ́n tó ń kọ́ni nípa ẹ̀dá abẹ̀mí. Ẹ̀yin nọ́ọ̀sì tó wà níbí, ẹ wá ìwé yìí kà. Ó sọ bí òkúta Peleliu ṣe le débi pé sójà ò lè gbẹ́ ihò fi ara pamọ́, ó sọ ẹrẹ̀ Okinawa, òjò, ìdin, òkú tẹ́nì kan ò ráyè sin, kò fi nǹkan kan pamọ́ fún wa, síbẹ̀ ó tún rántí àwọn tó ń gbé àwọn tó fara gbọgbẹ́ jáde lábẹ́ ìbọn, ó sì bọlá fún wọn gidi.

Àmọ́ ìwé tó gba ọkàn mi jù, ọmọ tiwa ló kọ ọ́. Isaac Fadoyebo, ará Emùré-Ilé lẹ́bàá Ọ̀wọ̀, ọmọ ọdún 16 péré ló wọṣẹ́ sójà lọ́dún 1942. Wọn ò fi í síbi tí wọ́n ti ń yìnbọn, ìtọ́jú àwọn tó fara pa ni wọ́n fi í sí, ní 29th Casualty Clearing Station. Ẹ̀yin tèmi, iṣẹ́ tèmi nìyẹn! Wọ́n kó wọn dé Bọ́mà, orílẹ̀-èdè Éṣíà tí wọ́n ń pè ní Myanmar báyìí, pẹ̀lú ẹ̀ka ogun 81 ti Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà, ní March 1944 sójà Japan ká wọn mọ́ létí odò Kaladan. Ìbọn fọ́ ẹsẹ̀ ẹ̀. Àwọn kan kú lójú ẹsẹ̀, àwọn tí wọ́n jọ fara gbọgbẹ́ ń kú lọ́kọ̀ọ̀kan nínú igbó, ó wá ku òun àti David Kargbo ọmọ Sàró.

Mo kà á débẹ̀ mo gbé ìwé sílẹ̀. Mo mọ ohun tí ẹsẹ̀ tó ṣẹ́ báyẹn ń fẹ́ lọ́sàn-án lóru, kò sí oògùn, kò sí báńdéèjì tuntun, kò sí ẹni tó máa yí i lẹ́gbẹ̀ẹ́. Àgbẹ̀ kan tí wọ́n ń pè ní Shuyiman, ọmọ Rohingya, ẹ̀yà Mùsùlùmí kan ní Bọ́mà, ló ń fún wọn lóúnjẹ, nígbà tó yá ó gbé wọn wọlé ara ẹ̀, òun, ìyàwó àti ọmọ, nígbà tó sì jẹ́ pé tí Japan bá rí wọn níbẹ̀, gbogbo ilé ló máa ṣòfò. Oṣù mẹ́sàn-án! Nígbà tó fi máa di December 1944 táwọn tiwọn padà dé, àwọn méjèèjì ṣì wà láàyè. Fadoyebo tiro títí ọjọ́ ayé ẹ̀. Ọdún 1999 ni ìwé ẹ̀ jáde, ní Wisconsin, ní Amẹ́ríkà níbí, ìwé pẹlẹbẹ ni, kò sì pariwo. Lọ́dún 2011 akọ̀ròyìn Barnaby Phillips gbé lẹ́tà ìdúpẹ́ bàbá yìí dé Bọ́mà, ó sì wá àwọn ọmọ Shuyiman rí. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni bàbá lọ. Ohun tó ń dùn mí ni pé nígbà tó di 2017, ó lé ní ọ̀kẹ́ márùndínlógójì èèyàn Rohingya tó sá kúrò ní Bọ́mà lọ sí Bangladesh, àwọn èèyàn tó gba ọmọ Emùré là.

Mo ka ti Soyinka náà, èyí tó kọ nípa àtìmọ́lé 1967 sí 1969, tó ń kọ̀wé sáàárín ìlà ìwé ẹlòmíràn torí wọn ò fún un ní tákàdá. Mo ka ti Ọbásanjọ́ nípa ogun Biafra. Ẹ má bínú o, ìwé ọ̀gágun ò gbá mi mú tó bẹ́ẹ̀. Máàpù ló pọ̀ níbẹ̀, ta ló pàṣẹ, ta ló gba ìlú wo, kí n tó mọ ẹni tó ń ṣe ọbẹ̀ fún sójà àti ẹni tó ń fọ egbò, ìwé á ti parí. Ẹni tó wà nísàlẹ̀ ló ń rántí nǹkan wọ̀nyẹn.

Nígbà tí mo wà ní kékeré l'Óṣogbo bàbá kan wà ládùúgbò wa, Bàbá Bọ́mà la ń pè wọ́n. Wọ́n gbọ́ Haúsá dáadáa, torí èdè tí wọ́n fi ń pàṣẹ fún ọ̀pọ̀ nínú wọn nìyẹn, wọ́n á sì máa kọrin sójà fáwa ọmọdé ká máa yan. Wọ́n ti lọ tipẹ́, wọn ò kọ nǹkan kan sílẹ̀. Látìgbà tí mo ti ka Fadoyebo ni mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í bi àwọn bàbá àgbàlagbà tó bá wà ní wọ́ọ̀dù mi, àwọn tó jà ní Vietnam, pé ta ló tọ́jú yín nígbà yẹn sà. Ẹ ò mọ bí ojú wọn ṣe máa ń là! Kì í ṣe ìbọn ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ sọ, ẹni tó fún wọn lómi ni.

January mò ń wa tréélà lọ sí New Mexico. Ìwé Elechi Amadi nípa Biafra, ti 1973, ti wà nínú ẹrù. Èyí tí mò ń wá báyìí ni ìwé tí sójà Yorùbá kan bá fi èdè wa kọ, ì báà ṣe Bọ́mà, ì báà ṣe ogun abẹ́lé, ì báà jẹ́ ìwé àfọwọ́kọ tó wà nínú àpótí ẹnì kan nílé. Ẹ sọ fún mi, màá sanwó ẹ̀dà ẹ̀.