Takisí Gbówó Wa, Ilé Olómi Tù Wá Nínú

Pọ́n-ùn 48! Iye tí onítakisí gbà lọ́wọ́ èmi àti àbúrò mi nìyẹn láti ìlú Morpeth dé Cragside, ilé ńlá àtijọ́ kan ní àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí a fẹ́ lọ wò. Bọ́ọ̀sì ti gbéra ní ìṣẹ́jú mẹ́ta kí a tó dé ibùdókọ̀, òmíràn ò sì ní í kọjá títí di ọ̀sán. Ọkùnrin náà sì mọ̀. Mo ní kó yọ díẹ̀ fún wa, ó kàn ń wo mítà rẹ̀. Àbúrò mi ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ fi sílẹ̀, kì í ṣe Bódìjà la wà." Mi ò dá a lóhùn. Inú ń bí mi.

William Armstrong ló kọ́ ilé Cragside ọ̀hún, ẹni tó fi kiréènì alágbára omi àti ìbọn àgbá di olówó ní Newcastle. Ilé kékeré tí yóò ti máa ṣọdẹ ló kọ́ ní 1863. Nígbà tó ké sí ayàwòrán-ilé Norman Shaw ní 1869, òrùlé bẹ̀rẹ̀ sí í yọ lórí òrùlé bí olú ara igi. Ní pálọ̀ ńlá, ààrò mábù kan wà tó wúwo tó tọ́ọ̀nù 10. Lójú tèmi, ó jọ ibojì olówó.

Ilé ìdáná ló tú ojú mi ká. Irin gígùn tí wọ́n fi ń gún ẹran wà níwájú iná, omi ló ń yí i láyé Armstrong! Omi tí wọ́n sé sí adágún lókè ló ń sọ̀ kalẹ̀ wá ṣiṣẹ́. Ẹ rántí pé lọ́dún Iléyá, èmi ni wọ́n máa ń fi ti àgbò kí n máa yí i, tí èéfín á bo ojú mi pátápátá.

Ní yàrá ìwé, ìkòkò aláràbarà mẹ́rin ni wọ́n sọ di fìtílà, pẹ̀lú gúlóòbù tí Joseph Swan, ọ̀kan lára àwọn tó kọ́kọ́ ṣe gúlóòbù iná, ṣe, ní 1880. Láyé ìgbà náà, kò sí ohun tí ẹ ó tẹ̀. Ẹ gbé ìkòkò kalẹ̀, wáyà ìdí rẹ̀ á wọnú mákúrì, irin olómi tí iná ń gbà kọjá, iná á tàn. Ẹ gbé e sókè, á kú. Mo dúró síbẹ̀ títí àbúrò mi fi fà mí láṣọ.

Ẹ wọ bàtà gidi o, òkè ni gbogbo rẹ̀.

Nígbà tí a jáde, onítakisí wa ló tún wà lẹ́nu géètì, ó ń rẹ́rìn-ín sí wa. A kí i dáadáa, a fẹsẹ̀ rìn lọ sí Rothbury, ìlú tó wà nítòsí.