Ìka tèmi ò tòògbé

Ẹ̀yin àbúrò mi nọ́ọ̀sì tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ tíátà ilé ìwòsàn, ọ̀rọ̀ bọ́tìnnì ni mo fẹ́ bá yín sọ.

Màmá kan tí wọ́n ń ta léèsì ní Balógun gba orí Third Mainland Bridge wá sọ́dọ̀ wa ní Yaba, kí dókítà lè fi kámẹ́rà wo ìfun wọn. Ọ̀gá wa ní a ò ní gbé wọn sùn pátápátá. A máa fi bọ́tìnnì lé wọn lọ́wọ́, kí wọ́n máa fún ara wọn ní propofol, oògùn oorun funfun bíi mílíìkì yẹn, bó bá ṣe ń ni wọ́n lára. Wọ́n á tẹ̀ ẹ́, ẹ̀rọ á ti ìwọ̀nba tí a ti ṣètò sínú iṣan, á sì ti ara ẹ̀ pa fúngbà díẹ̀. Títí yóò fi ṣí, bí wọ́n tẹ̀ ẹ́ nígbà ogún, òfo ni.

Kámẹ́rà wọlé tán, mo rí i tí màmá ń fajú ro, wọn ò sì tẹ nǹkan kan. "Màmá, ẹ tẹ̀ ẹ́ o." Wọ́n mirí. Àánú wọn ṣe mí, mo bá gba bọ́tìnnì, mo tẹ̀ ẹ́. Ó ṣí padà, mo tún tẹ̀ ẹ́. Ẹ̀ẹ̀kẹta ni ohùn ẹ̀rọ tó há mọ́ ìka wọn, èyí tó ń ka ọ́síjìn inú ẹ̀jẹ̀, bẹ̀rẹ̀ sí í rẹlẹ̀: 97, 91, 84. Ẹ máa fetí sí ohùn yẹn o. Etí yín á gbọ́ ọ kí ojú yín tó débi nọ́ńbà.

Ọ̀gá ò bú mi. Wọ́n gbé àgbọ̀n màmá síwájú, wọ́n fi ọ́síjìn sí i. Midazolam, oògùn oorun mìíràn, ní flumazenil tó ń ba agbára ẹ̀ jẹ́. Propofol ò ní irú ẹ̀. Ká dúró kó lọ fúnra ẹ̀ ló kù. Ìṣẹ́jú díẹ̀ ni, àmọ́ mo fẹ́rẹ̀ẹ́ ka gbogbo táìlì ara ògiri tán.

Lẹ́yìn iṣẹ́ ni wọ́n wá bi mí pé kí ló ń dá aláìsàn dúró kó má fún ara ẹ̀ jù. Mo ní ẹ̀rọ tó ń ti ara ẹ̀ pa ni. Wọ́n ní apá kan nìyẹn. Oorun gan-an ni ọlọ́pàá ibẹ̀: bó bá gbé èèyàn, ọwọ́ á rọ̀, ọwọ́ tó rọ̀ ò lè tẹ bọ́tìnnì. Bí Entonox, afẹ́fẹ́ tí wọ́n ń fà símú fún ìrora, ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyẹn, ìdajì ọ́síjìn, ìdajì nitrous oxide: ẹni tó ń rọbí ló ń di ìbòmú mú fúnra ẹ̀, bó bá ti ń tòògbé, ìbòmú á já bọ́. Ìka tèmi ò tòògbé. Òfin kan náà ló wà fún bọ́tìnnì oògùn ìrora, èyí tí dókítà kan, Philip Sechzer, ti kọ nípa ẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní 1971: ọmọ ò gbọdọ̀ bá ìyá tẹ̀ ẹ́, bẹ́ẹ̀ náà ni nọ́ọ̀sì.

Báyìí, kí aláìsàn tó sùn sórí bẹ́ẹ̀dì ni mo ti ń kọ́ wọn: ẹ tẹ̀ ẹ́, ẹ gbọ́ bó ṣe dún, ẹ ní sùúrù, kò ní mú yín lójú ẹsẹ̀. Ẹni tí oríkèé ìka ń dùn, àbí ẹni tó ní "Nọ́ọ̀sì, ẹ sáà jẹ́ n sùn", ẹ má fi dandan lé e. Ẹ sì máa yẹ inú ẹ̀rọ wò. Ó ń ka iye ìgbà tí wọ́n tẹ̀ ẹ́ àti iye ìgbà tó fún wọn. Bí àlàfo bá pọ̀ láàárín méjèèjì, bóyá ohun tí a ṣètò kéré ni, bóyá ẹ̀rù ló ń bà wọ́n. Ẹ bá wọn sọ̀rọ̀.

Nígbà tí màmá lajú, ibi tí ẹ̀rọ tí dókítà ń wò wà ni wọ́n kọ́kọ́ wò. "Ta ló pa tẹlifíṣọ̀n? Mo ṣì ń wo ìfun mi lọ́wọ́ kẹ̀."